Gbogbo Broadway Tó Wà ní New York Ni Mo Mọ̀

Ojú ara mi yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi, mi ò gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn lẹ́nu ará ìjọ. Ọwọ́ mi ló wà lórí sítíárìn, ẹsẹ̀ mi ló wà lórí bíréèkì. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó bèèrè mi ní Morris Heights ní Bronx, kó sọ pé Káyọ̀dé oníkábù. Wọ́n á sọ fún un irú ẹni tí mo jẹ́.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbé èrò ní ìlú yìí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà ní Ìsẹ́yìn, ojú kì í sì í tì mí láti sọ ọ́. Mo ti gbé dókítà, mo ti gbé lọ́yà, mo ti gbé ẹni tó kàwé títí irun orí rẹ̀ fi re. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ fún mi ibi tí Broadway ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Èmi ni mo ń sọ fún wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ máa fi ọkọ̀ jẹun, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ìdí tí mo fi tètè fi iṣẹ́ sílẹ̀ wà níwájú.

Ìtàn bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo wọ ọ́fíìsì kótópó kan, wọ́n wo láísẹ́nsì mi, wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé. Owó tó ń wọlé gbé mi, ó gbé aya mi, ó rán ọmọ méjì lọ sí yunifásítì. Ìyẹn ti tó.

Ọ̀gá mi ni Ọ̀gá Múfú, ọmọ Ṣakí, ọkùnrin gíga kan tí ara rẹ̀ gbẹ bí igi ìdáná, tí kì í rẹ́rìn-ín kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, kò jẹ́ kí n gbé èrò kankan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wọlé, ó de bẹ́líìtì, ó ní, "Gbé mi lọ sí Broadway."

Inú mi dùn. Ta ni kò mọ Broadway? Mo ṣáná sí ọkọ̀.

"Pa á."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní..."

"Mo ní pa á! Broadway wo?"

Ó yíjú sí mi. "Bí mo bá ní kí o gbé mi lọ sílé Bàbá Ìbejì ní Ìsẹ́yìn, ṣé wàá kàn gbéra ni? Bàbá Ìbejì mélòó ló wà ní ìlú yín?"

"Wọ́n pọ̀, Ọ̀gá."

"Wọ́n pọ̀. Òpònú sì ni ìwọ."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Múfú ló là á yé mi pé ọ̀nà tó fẹ̀ ni ìtumọ̀ Broadway, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú kéékèèké ni ibi tí a ń pè ní New York yìí tẹ́lẹ̀, oníkálukú wà láyè tirẹ̀, títì tó bá fẹ̀ ju ìyókù lọ ní ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sọ ní orúkọ yẹn. Nígbà tí wọ́n wá kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ ìjọba kan, kò sí ìlú tó gbà kí wọ́n pa orúkọ títì tòun rẹ́. Ìdí nìyẹn tí Manhattan fi ní Broadway tó gùn gbọọrọ, tó la erékùṣù náà já láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tó kọjá sínú Bronx, tó sì tún jáde nílùú lọ. Brooklyn ní tirẹ̀, tó wà lábẹ́ afárá rélùwéè, tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Queens ní, Staten Island ní. Ká má tíì sọ East Broadway àti West Broadway, tí àwọn náà ń gba ọ̀nà tiwọn. Àwọn kan nínú wọn kò tilẹ̀ fẹ̀ mọ́. Orúkọ ló kù.

Ẹni tó ń pe orúkọ náà tún ṣe pàtàkì. Bí àlejò tó gbé àpótí láti pápákọ̀ òfúrufú bá ní Broadway, ibi tí wọ́n ti ń ṣeré orí ìtàgé ló ń sọ, kó máa bá ìtàn rẹ̀ lọ, ìwọ máa wakọ̀. Bí ìyá Dòmíníkà tó gbé báàgì ọjà bá sọ ọ́ ní òkè Manhattan, kò ju oríta mẹ́fà síwájú lọ. Nítorí náà, Ọ̀gá Múfú fún mi ní ìbéèrè mẹ́ta tí mo gbọ́dọ̀ bèèrè kí táyà tó yí: Apá ibo nínú ìlú? Títì wo ló dábùú rẹ̀ níbẹ̀? Kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀?

"Ẹ̀kẹta yẹn ńkọ́, Ọ̀gá? Ṣé kì í ṣe àtojúbọ̀?"

"Àtojúbọ̀ ni. Bèèrè é. Ẹni tó bá sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ẹ ti sọ ibi tó ń lọ. Òyìnbó ò ní yọ ẹ́ lẹ́nu. Kó tó jókòó tán, á ti sọ fún ẹ pé dókítà ìdí lòun ń lọ rí. Àwọn èèyàn tiwa ni kí o bẹ̀rù. Ọmọ Yorùbá á ti ẹsẹ̀ kan bọ ọkọ̀, wàá ní níbo, á ní 'mo ń bọ̀.'"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan ní oṣù kejì, mo gbàgbé láti bèèrè títì tó dábùú. Ó ní kí n dúró níbi tí ọkọ̀ ojú irin Bronx ti ń parí ìrìn, lẹ́bàá pápá ìṣeré ńlá yẹn. Ó bọ́ sídìí sítíárìn. "Sọ̀kalẹ̀. Fi ẹsẹ̀ rìn Broadway títí dé òpópónà kejìdínláàádọ́sàn-án. Máa ka orúkọ gbogbo oríta." Yìnyín ń bọ́ lọ́jọ́ náà. Mo rìn ín, mo kà á. Omi wọ bàtà mi títí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi fi kú tipiri. Ó ń wa ọkọ̀ tẹ̀lé mi díẹ̀díẹ̀, ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Bí mo bá fo oríta kan, á fun fèrè, mo ní láti padà sẹ́yìn. Títí dòní, ẹ jí mi lójú oorun, ẹ ní kí n kà á, màá kà á.

Máàpù rẹ̀ tóbi bí ìwé orin ìjọ, ó sì tì í mọ́ inú búùtù. Ó ní àlejò ló ń wo máàpù. Lẹ́yìn náà ni rédíò dé. Obìnrin kan á máa pín iṣẹ́ nínú rẹ̀ láti ọ́fíìsì, gbogbo wa á máa du iṣẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì ló ń gbà á. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, nítorí pé mi ò ní láti ronú. Kò pẹ́ tí wọ́n tún mú ẹ̀rọ kékeré wá, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, tó ń pàṣẹ fún àgbàlagbà ọkùnrin pé kó yà sọ́tùn-ún, kó yà sósì. Mi ò rà á. Fóònù ló wá gba gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń wakọ̀ báyìí, fóònù ló ń wà wọ́n. Wọ́n á gbé èrò tòun ti fóònù, wọn ò ní sọ̀rọ̀, wọ́n á sọ èèyàn kalẹ̀ bí ẹrù.

Nígbà tí Ọ̀gá Múfú padà sílé lọ sinmi, gbogbo ará ìjọ tó ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ di tèmi. Mo mọ ilé oníkálukú. Mo mọ ilé ọmọ wọn. Díẹ̀díẹ̀, mi ò bèèrè ìbéèrè mẹ́ta mọ́. Kí ni mo fẹ́ bèèrè? Bí mo bá ti rí aṣọ tí wọ́n wọ̀, mo ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Báyìí ni mo ṣe débi Bàbá Ọlátúnjí.

Tíṣà ni Bàbá Ọlátúnjí kó tó wá sí Amẹ́ríkà. Co-op City ní Bronx ló ń gbé, lókè téńté nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé gogoro yẹn, òun nìkan, láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, Dúpẹ́, ń gbé ní Brooklyn, ìkòríta kan péré sí Broadway ti ọ̀hún. Ó tó ìgbà ogún tí mo ti gbé Bàbá lọ kí i. Ọjọ́ Ìsinmi sì rèé, èmi ni mo máa ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí mo sì máa ń gbé e bọ̀, òun àti Ìyá Bísí tó ń gbé ní Wakefield, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn nílé wọn. Ìyá Bísí lẹ́nu. Bí ẹ bá ra bàtà tuntun lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ á ti mọ iye tó jẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo ń sọ yìí, bí wọ́n ṣe ń ṣe oore-ọ̀fẹ́, mo rí Bàbá tó yára jáde tòun ti fóònù létí. Nígbà tó wọ ọkọ̀ níwájú, ó ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo rò pé ebi ni. Ìyá Bísí ti jókòó sẹ́yìn. Aago kan ọ̀sán kọjá díẹ̀.

"Káyọ̀dé," Bàbá wí, "mi ò lọ sílé. Broadway ni kí o gbé mi lọ. Má pẹ́."

"Broadway wo, Dádì?"

Ẹ ṣàkíyèsí. Mo bèèrè. Ojú mi ló ṣe. Bàbá fi ìdí ojú wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Kó tó lanu, Ìyá Bísí ti dá sí i.

"Há! Ẹ̀yin tí ẹ kì í lọ sí ibì kankan lọ́jọ́ Ìsinmi! Ta ló wà ní Broadway, Bàbá? Ṣé ẹ ti rí ìyàwó ni, tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ẹnìkan ni mo fẹ́ lọ kí," Bàbá wí. Ó wá yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ le bí ìgbà tó wà ní kíláàsì. "Àbí ìwé mẹ́fà tó o kà ti tán lórí ẹ? Ìwọ tó o máa ń fọ́nnu pé kò sí Broadway tí ìwọ ò mọ̀?"

Ìyá Bísí pa ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kí ẹnì kan máa bi mí bóyá mo mọ Broadway! Ta ni Bàbá mọ̀ tó fẹ́ lọ kí tó ju ọmọ rẹ̀ lọ?

"Èmi kẹ̀!" ni mo dáhùn. "Àfi bí wọ́n bá la òmíràn láàárọ̀ yìí. Ẹ fẹ̀yìn tì, Dádì."

Mo kọ́kọ́ gbé Ìyá Bísí délé ní Wakefield. Ó sọ̀kalẹ̀, ó tún fi ọwọ́ lé ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń sọ ìtàn ẹni tó ń tọ́jú. Bàbá wo aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó ku èmi àti Bàbá nìkan. Mo lè bèèrè nígbà náà. Ó lè sọ fún mi nígbà náà. Ṣùgbọ́n Bàbá ti di ojú, ó ká ọwọ́ lórí itan, ètè rẹ̀ ń mì. Àdúrà ló ń gbà. Ta ni á fi ọwọ́ kan àgbàlagbà tó ń gbàdúrà? Mo pa rédíò. Mo forí lé Brooklyn, ọ̀nà dá, mo ń sáré, inú mi dùn sí ara mi.

Nígbà tí a wọ abẹ́ afárá rélùwéè, ọkọ̀ ojú irin kan kọjá lórí wa pẹ̀lú ariwo. Bàbá lajú. Ó wo àwọn òpó irin tó tò lọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

"Níbo lèyí?"

"Broadway ni, Dádì. Ẹ ti dé ilé Dúpẹ́."

Ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó ṣí apá ẹ̀wù abẹ́ rẹ̀. Iṣan kan wú ní apá rẹ̀ bí okùn tí wọ́n lọ́ pọ̀, àpá abẹ́rẹ́ sì wà káàkiri ibẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló ti ń lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ má bàa mọ̀.

"Wọ́n rí kíndìnrín fún mi, Káyọ̀dé. Ọsibítù ló pè mí. Broadway ti òkè Manhattan. Dúpẹ́ ti lọ dúró dè mí níbẹ̀. Wọ́n ní kí n dé kí aago mẹ́ta tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á pe ẹni tó kàn."

Mo wo aago ọkọ̀. Aago méjì ààbọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mi ò rántí bí mo ṣe yí ọkọ̀ padà. Mo rántí pé gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń fun fèrè. Bàbá fa fóònù rẹ̀ yọ. Ó ti pa ohùn rẹ̀ mọ́ láti inú ṣọ́ọ̀ṣì, Dúpẹ́ sì ti pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Ó pè é padà, ohùn ọmọ náà kún inú ọkọ̀.

"Daddy! Where are you? Mo ti wà níbí tipẹ́! Nọ́ọ̀sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta!"

"A ti ń bọ̀. Ó ku díẹ̀."

"Díẹ̀ bíi báwo?"

Bàbá wo ojú mi. Mo mọ̀ pé bí gbogbo ọ̀nà bá dá, ogójì ìṣẹ́jú ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

"Ẹ sọ fún un pé ogún ìṣẹ́jú," ni mo wí.

Ó sọ bẹ́ẹ̀.

A gun afárá Williamsburg wọ Manhattan, a bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ etí odò. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dúró. Ọkọ̀ méjì ti kọlu ara wọn níwájú. Mo rí iná ọlọ́pàá lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ń dọ́gbọ́n fà wá kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn ń sọ pé, "Jẹ́jẹ́, Káyọ̀dé. Má pa wá."

Dúpẹ́ tún pè. "Ogún ìṣẹ́jú ti pé. Ṣé ẹ ti dé ìsàlẹ̀ ọsibítù?"

"Ó ku díẹ̀," Bàbá wí.

"Daddy, ẹ sọ òótọ́ fún mi. I told them twenty minutes!"

Mo já kúrò lójú ọ̀nà náà níbi àkọ́kọ́ tó ṣí, mo la ìlú já, mo bọ́ sórí Broadway, Broadway ti Manhattan fúnra rẹ̀. Iná pupa ní oríta kan, iná pupa ní èkejì. Mo mọ gbogbo oríta wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì dúró ní gbogbo wọn. Òógùn ti mú ẹ̀wù mi lẹ̀ mọ́ àga. Nígbà tí aago mẹ́ta kọjá, Bàbá bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sí àpò.

Dúpẹ́ pè kẹ́yìn. Ó ní òun bẹ̀ wọ́n, wọ́n fi ogún ìṣẹ́jú kún un, ó ní wọn ò gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́ mọ́, nítorí pé èyí tí òun sọ tẹ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ọ.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Dúpẹ́ dúró síta, kò wọ kóòtù. Kò sáré pàdé wa, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.

"Wọ́n ti pe ẹlòmíràn," ló sọ fún bàbá rẹ̀. "Ó wà ní Harlem nítòsí ibí. Ó ti dé." Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ọkọ̀. "Uncle Káyọ̀, ẹ ò bi wọ́n? Ẹ ò bi wọ́n ibi tí wọ́n ń lọ?"

Mo fẹ́ sọ pé mo bèèrè. Bàbá ló dáhùn.

"Ó bi mí. Èmi ni mi ò fẹ́ kí Ìyá Bísí gbọ́."

Mo lọ bá Ìyá Bísí lọ́jọ́ kejì. Inú ń bí mi, mo fẹ́ kí ó mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ fà. Mo ní kó jókòó, mo ní Bàbá ń ṣàìsàn kíndìnrín. Ó wò mí bíi pé èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ọdún kejì rèé. Mo rí apá rẹ̀ nígbà tó gbé àwo oúnjẹ ìkórè. Iṣẹ́ mi ni, Bọ̀dá Káyọ̀dé. Ta lẹ gbọ́ pé mo sọ fún?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní òun ń bá Bàbá ṣeré ìyàwó yẹn kó lè rẹ́rìn-ín ni, nítorí pé òun rí i tí ojú rẹ̀ fà ro.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ ọkọ̀ dára. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo gbádùn rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ́ mi lọ. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ní kí ẹ má bi òun, ẹ tún bi í. Bí ó bá fi yín ṣe ẹlẹ́yà, kí ẹ tún bi í. Ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kó bínú, kó sọ̀kalẹ̀ bí ó bá fẹ́. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé ogójì ìṣẹ́jú ni, ẹ sọ pé ogójì.

Mo ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Bí èrò bá ti dárúkọ títì náà, màá pa ọkọ̀, mi ò ní lè gbéra mọ́. Mo dá ìwé àṣẹ kábù padà. Wọn ò pe Bàbá fún òmíràn mọ́. Ó kú nígbà òtútù ọdún kejì, lórí ibùsùn rẹ̀ ní Co-op City.

Mo ti ka ohun tó sọnù, mi ò bù mọ́ ọn, mi ò yọ kúrò. Kíndìnrín kan. Oṣù méjìdínlógún tí Bàbá fi jókòó ti ẹ̀rọ, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ̀mí kan. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Èrò méjì tí mo máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì: ọ̀kan wà nínú ilẹ̀, èkejì ń wọ bọ́ọ̀sì. Dúpẹ́ kò sì pè mí ní Uncle mọ́.